Ṣé Ó Yẹ Kí Mọ́tò Asáré Máa Mu Gáàsì?

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ebi epo náà kò yàtọ̀. Láti Sábó títí dé Odógunyàn ní Ìkòròdú, ibikíbi tí onímọ́tò méjì bá ti pàdé, ìbéèrè tí ọ̀kan máa ń bi èkejì ni pé, "Ṣé o ti yí tìẹ sí gáàsì?" Kò yani lẹ́nu. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù tí a ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà ní Èkó fò sókè, kí oṣù méjì tó pé ó ti ń sún mọ́ 600, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti ń bá 1,000 náírà figagbága. Ní 2023 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò kan sílẹ̀ pé kí a máa fi gáàsì tó ń ti inú ilẹ̀ wá, tí wọ́n ki mọ́ inú sílíńdà, wa mọ́tò. Òun ni gbogbo ayé ń pè ní CNG.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nínú Ìkòròdú Industrial Estate. Honda Accord ni mọ́tò rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará wa sọ ní "End of Discussion". Oní-V6 ni. Nígbà tí irú rẹ̀ jáde ní 2003, agbára ẹṣin 240 ni àwọn tó ṣe é sọ pé ó ní. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́nà Ṣàgámù, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á di ìjókòó mú gírígírí. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi gáàsì sí i? Ṣé kò ní pa eré rẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni, nítorí náà n kò fẹ́ fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá a lóhùn. Ìtàn ló yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́. Kì í ṣe òní ni gáàsì dé Ìkòròdú, kì í sì í ṣe òní ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí fi gáàsì wa mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi.

Ní 1956 ni àwọn Shell rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Ibi tí epo bá sì ti ń jáde, gáàsì a máa bá a jáde. Epo ni wọ́n ń wá, epo ni wọ́n ń tà. Kí ni wọ́n wá ń fi gáàsì ṣe? Ńṣe ni wọ́n ń tanná sí i. Iná náà ń jó tọ̀sán-tòru lórí abúlé àwọn ẹni ẹlẹ́ni, ó ń ba oko jẹ́, ó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ní 1979, ìjọba ológun ṣòfin pé bí ó bá ti di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, ilé iṣẹ́ epo kankan kò gbọdọ̀ dáná sun gáàsì mọ́ láìgba àṣẹ. Ọjọ́ náà pé, ó sì kọjá lọ. Iná náà kò kú.

Ta ni yóò sì bínú sí i ní ìlú Èkó nígbà náà? Ní 1978, lítà bẹntiróòlù kan jẹ́ kọ́bọ̀ 15 àti díẹ̀. Ní 1982 ó di 20 kọ́bọ̀. Ní 1986, tí gbogbo ìlú pariwo pé ayé ti le, kọ́bọ̀ 39 àbọ̀ péré ni. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot 504 ní Kàdúná, tí wọ́n ń to Volkswagen lọ́nà Badagry. Ẹni tó bá ní mọ́tò kò bi í léèrè pé lítà mélòó ló ń mu. Nígbà tí epo bá pọ̀ bí omi òjò, ẹnikẹ́ni kì í wo ojú gáàsì.

Ibi tí gáàsì ti kọ́kọ́ wúlò lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú kì í ṣe nínú mọ́tò rárá. Ní Ẹgbìn ni, lẹ́bàá ọ̀sà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀dé tó wà nínú Ìkòròdú wa yìí. Ibẹ̀ ni ìjọba kọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná ńlá sí láàárín ọdún 1980 sí 1990. Àwọn ará Japan, Marubeni àti Hitachi, ló bá wọn ṣe é. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lágbára mẹ́gáwáàtì 220, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320. Kí wọ́n lè máa bọ́ ẹran ńlá yìí, wọ́n ri páìpù láti Escravos ní ìsàlẹ̀ Niger Delta wá sí ẹ̀gbẹ́ Èkó. Ní 1989 ni páìpù náà délé. Láti ìgbà náà, bí àwọn kan bá ba páìpù jẹ́ lọ́hùn-ún, òkùnkùn á ṣú níbí. Gbogbo wa la rí i ní 2016, nígbà tí àwọn ajìjàgbara ń fọ́ páìpù káàkiri Delta.

Lẹ́yìn Ẹgbìn ni gáàsì wọ àwọn ilé iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Falcon Corporation, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ gáàsì ti ìjọba, ri páìpù fún àwọn ilé iṣẹ́ ní agbègbè Ìkòròdú. Ẹni tó bá ti rìn nínú Industrial Estate lóru mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í sùn. Ilé iṣẹ́ tó ń fi dísù tan jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, bí ó bá rí gáàsì tó ń gba ẹnu páìpù wọlé, ó ti rí ìtura. Ó dúró sójú kan, kì í wá gáàsì kiri. Ó ń jẹun lójoojúmọ́, nítorí náà owó tó fi ra ẹ̀rọ tuntun á tètè padà sí i lọ́wọ́. Ẹ fi nǹkan méjèèjì yìí sọ́kàn: kí gáàsì wà nítòsí, kí ohun tí yóò lò ó sì máa jẹ púpọ̀ lójoojúmọ́. Orí wọn ni gbogbo ìdájọ́ mi dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rí fún àwọn tó fi gáàsì wa mọ́tò ṣáájú wa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, 1939 sí 1945, epo wọ́n gógó ní Yúróòpù, àwọn ológun sì gba ìwọ̀nba tó kù. Àwọn èèyàn gbé ààrò irin kọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n ń fi igi àti èédú sínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń mu. Mọ́tò ń rìn, ṣùgbọ́n kò lágbára gun òkè, dírẹ́bà á sì kọ́kọ́ dáná kó tó jáde nílé bí ẹni fẹ́ ro ọkà. Ogun parí, epo padà dé, kíá ni wọ́n já ààrò náà dànù.

Èyí tó yẹ kí ó dùn wá jù ni ti New Zealand. Gáàsì wà nílẹ̀ wọn, owó epo tí wọ́n ń rà nílẹ̀ òkèèrè sì ń pa wọ́n. Ní 1979 ìjọba wọn ní kí wọ́n máa yí mọ́tò sí CNG. Wọ́n fún aráàlú lówó ìrànwọ́, wọ́n yá wọn lówó. Títí di àárín ọdún 1980 sí 1990, mọ́tò tí wọ́n ti yí lé ní 100,000. Ìjọba mìíràn dé, ó yọ ìrànwọ́ kúrò. Ní 1986 iye epo jábọ́ lágbàáyé. Kò sẹ́ni tó tún yí mọ́tò mọ́. Nígbà tí àwọn oníbàárà dín kù, àwọn ilé gáàsì ń tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí sílíńdà wà nínú búùtù rẹ̀ sì ń gbé ẹrù irin lásán kiri. Kò sí ohun tó ṣe gáàsì wọn. Owó tó wà láàárín gáàsì àti epo ló ti tán.

Nílẹ̀ wa níbí, Benin City ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ní nǹkan bí 2010, NIPCO àti ilé iṣẹ́ gáàsì ti ìjọba ṣí ilé CNG síbẹ̀. Àwọn onítakisí ni wọ́n kọ́kọ́ gbà á. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé kì í ṣe àwọn ọlọ́lá tó ní mọ́tò asáré ni wọ́n sáré lọ. Ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun mọ iye tí ẹnu rẹ̀ ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ìdí ẹ́ńjìnnì. Òótọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í sọ: gáàsì kì í ṣe epo aláìlágbára. Ó ń fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ju bẹntiróòlù lọ dáadáa, láìdún kọ̀kọ̀kọ̀. Ní 2009, Volkswagen gbé Scirocco tó ń mu CNG lọ sí eré wákàtí 24 ní Nürburgring ní Jámánì, ó sì sáré dáadáa. Àmọ́ àwọn onímọ̀ tó ṣe mọ́tò náà ti mọ̀ láti ìpilẹ̀ pé gáàsì ni yóò mu. Èyí tí a ń yí níbí kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹntiróòlù ni wọ́n ṣe é fún, ó sì tún gbọ́dọ̀ máa mu bẹntiróòlù nígbà tí gáàsì bá tán. Nítorí náà kò lè jẹ àǹfààní ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà. Yàtọ̀ sí èyí, gáàsì á gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà nínú ẹ́ńjìnnì. Agbára á dín, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹṣin 240 á ku 216 tàbí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún fi sílíńdà irin kún un, tí ó wúwo tó àgbàlagbà kan tó jókòó sí búùtù, tí kì í sọ̀ kalẹ̀. Gáàsì sì gbẹ, ó lè tètè jẹ ìjókòó fàlífù ẹ́ńjìnnì tí wọn kò ṣe fún un, pàápàá bí dírẹ́bà bá ń fi eré pá a lórí.

Èyí ni ti eré. Ti owó ńkọ́? Ká ṣe ìṣirò tí ọmọdé lè ṣe. Ká ní iṣẹ́ yíyí mọ́tò gba 1,200,000 náírà. Ká ní lítà epo jẹ́ 900, kí gáàsì tó lè ṣe iṣẹ́ lítà kan jẹ́ 300. Èrè orí lítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 600 náírà. Bí iye tí ẹ bá lọ́jà bá yàtọ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Onídáńfó tó ń ná Ìkòròdú sí Kẹ́tu, bí ó bá ń mu lítà 20 lójúmọ́, èrè rẹ̀ jẹ́ 12,000 lójoojúmọ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́, owó rẹ̀ ti padà. Ọ̀rẹ́ wa tó ní "End of Discussion" ńkọ́? Ó ń gbé nítòsí ilé iṣẹ́ rẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń fi mọ́tò náà sáré. Lítà 20 yẹn ló ń mu lọ́sẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọ̀sẹ̀ ni yóò fi dúró kí owó rẹ̀ tó padà, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì. Láàárín ọdún méjì yẹn, bí iye gáàsì bá gòkè ńkọ́? Bí epo bá wálẹ̀ ńkọ́? Ẹ rántí New Zealand.

Ewu tó wà níbẹ̀ ju ti owó lọ. Ẹni tó bá rí i pé owó iṣẹ́ náà wọ́n, ìgbà náà ni yóò máa wá sílíńdà ẹ̀dínwó. Afẹ́fẹ́ tí fọkanáísà ń fún sínú táyà wa kì í sábà ju 35 lọ lójú ẹ̀rọ rẹ̀. Ti CNG nínú sílíńdà tó 2,900, ó ju ìlọ́po 80 lọ. Sílíńdà tí a fi ń se ọbẹ̀ nílé kò lè gbà á láéláé. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 2024, mọ́tò kan bú gbàmù níbi tó ti ń ra CNG ní Benin City, àwọn èèyàn sì fara pa. Àwọn tó ń bójú tó ètò CNG ìjọba sọ pé sílíńdà inú mọ́tò náà kì í ṣe ojúlówó, ọwọ́ wẹ́dà ti kàn án. Ẹ̀mí kò ní ọjà tí a ti ń ra òmíràn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Bí mọ́tò rẹ bá ń fi ojoojúmọ́ rìn, tí ilé gáàsì wà lójú ọ̀nà rẹ, yí i padà, lọ́dọ̀ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí, kí o gba ìwé sílíńdà náà, kí o sì máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò nígbà tó bá yẹ. Bí mọ́tò rẹ bá jẹ́ asáré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sábà kan títì, fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe dá a. Dín ìrìn rẹ̀ kù, tàbí kí o wá kékeré kan tí kò jẹun púpọ̀ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ohun tí mo sọ fún ọmọkùnrin yẹn náà nìyẹn.

Ìjọba náà ní tiwọn láti gbọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí gáàsì ti ń wọ ilẹ̀ Ìkòròdú, tó ń tan iná fún àwọn ìlú tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀dé. Àwọn onídáńfó tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí Odógunyàn láàárọ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ kàn, kí ilé gáàsì pọ̀ lójú ọ̀nà wọn, kí iye rẹ̀ má sì máa yí padà bí ojú ọjọ́. Bí gáàsì bá wọ́n owó ọkọ̀ wálẹ̀ fún ẹni tó ń dúró ní ibùdókọ̀ láago márùn-ún ìdájí, nígbà náà la ó tó lè sọ pé a ti jèrè ohun tí a ti ń dáná sun láti ọjọ́ yìí.