Nẹ́ẹ̀tì Ojú Wíńdò

Ní Mafoluku, ògiri ilé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti èkejì, gọ́tà sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí NEPA bá mú iná lọ lóru, a gbọ́dọ̀ ṣí wíńdò. Nẹ́ẹ̀tì nìkan ló wá kù láàárín àwa àti ẹ̀fọn.

Ní 1897 ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Ní 1900, ní Ítálì, Grassi fi nẹ́ẹ̀tì dáàbò bo èèyàn 112 láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. 5 péré ni ibà mú. Nínú 415 tí kò ní nẹ́ẹ̀tì, agbára káká la fi rí ẹni tó bọ́. Ní Èkó tiwa, gómìnà William MacGregor (1899 sí 1904) pín kíníìnì, kò sì gbà kí wọ́n ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀. Síbẹ̀, ilé òṣìṣẹ́ ìjọba ni nẹ́ẹ̀tì wáyà kọ́kọ́ lọ.

Lónìí, ó ti dé ọjà wa. Èwo ká rà? Wáyà onírin le, àmọ́ òjò á mú un dípẹtà. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà, ṣùgbọ́n tó bá ti tẹ̀, ó tẹ̀ náà nìyẹn. Fiberglass rọ̀, òjò ò rí i gbé ṣe, àmọ́ eku lè gé e jẹ. Ihò 18 sí 16 nínú íǹṣì kan ń dá ẹ̀fọn dúró. Tí ihò bá kéré jù, atẹ́gùn ò ní wọlé, ooru á sì lé wa jáde lọ bá ẹ̀fọn níta.

Ẹ wo igun férémù dáadáa o: ibi tí ìṣó ò bá dé, ẹ̀fọn á dé ibẹ̀.