Géèmù Tí Ń Múni Padà Sẹ́yìn: Metroid, Iná NEPA àti Ọmọ Ìjẹ̀bú

Nínú ọ̀pọ̀ géèmù eré fífò, apá ọ̀tún nìkan la máa ń dorí kọ. Bí ìpele kan bá tán, a bọ́ sí òmíràn, èyí tó kọjá ti kọjá nìyẹn. Ẹ̀ka kan yàtọ̀. Ayé kan ṣoṣo tó lọ́ bí ilé ikán ni wọ́n gbé síwájú ẹni tó ń gbá a; ọ̀nà tó bá dí lónìí, ó di ìgbà tó bá gba agbára kan ní igun mìíràn kó tó padà wá là á. Metroidvania ni wọ́n ń pè é, láti ara Metroid àti Castlevania.

Lọ́dún 1984, David Crane ti ṣe Pitfall II, níbi tí akọni ti ń wá ọ̀nà nínú ihò ńlá. Ṣùgbọ́n Metroid tí Nintendo gbé jáde ní Japan lọ́jọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1986 ló fìdí ẹ̀ka náà múlẹ̀. Gunpei Yokoi ló ṣe alábòójútó rẹ̀. Bí Samus Aran, akọni géèmù náà, bá balẹ̀ sí pílánẹ́ẹ̀tì Zebes, ẹni tí Super Mario Bros. ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ yóò gba ọ̀tún lọ, kò sì ní jìnnà. Apá òsì ni ohun tó ń sọ Samus di bọ́ọ̀lù, kó lè yí gba ọ̀nà tóóró, wà.

Irú géèmù báyìí kì í tán ní ìjókòó kan, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rántí ibi tí a dé. Ní Japan, orí dísíìkì ni ìrántí náà wà. Kásẹ́ẹ̀tì tí kì í rántí nǹkan kan ni wọ́n fi tà á ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1987, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń da àmì 24 tí géèmù bá fún wọn kọ sínú ìwé kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n dúró.

Ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin àti àwọn ìlú tó yí i ká, bíi ti ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà, ayédèrú ẹ̀rọ Nintendo láti Éṣíà ni ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn ọdún 1990 mọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún géèmù lòun gbé, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń tún pè lórúkọ mìíràn. Géèmù kúkúrú tí kì í rántí nǹkan kan ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí NEPA, ilé-iṣẹ́ iná ìgbà náà, bá mú iná lọ, ó di ìbẹ̀rẹ̀. Orí ọmọ ló wá di àpótí ìrántí. Ẹni tó bá mọ̀ pé ní ìpele 1-2 Mario, èèyàn lè gun orí àjà, kó rìn dé ibi tí páìpù mẹ́ta wà, kó sì fo ọ̀pọ̀ ìpele, olùkọ́ ni láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwákiri tiwa nìyẹn, ẹnu ni a fi ń gbé e kiri.

PlayStation mú mẹ́mọ́rì káàdì wá, Castlevania: Symphony of the Night sì jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1997. Síbẹ̀, géèmù bọ́ọ̀lù ló gbòde ní ṣọ́ọ̀bù géèmù. Níbi tí a ti ń sanwó lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan tàbí lórí àkókò, ta ni yóò fi owó rẹ̀ wá ilẹ̀kùn kiri?

Fóònù ló tú ìdè náà. Bátìrì wà nínú rẹ̀, kò sì pọn dandan kó dúró de iná. Symphony of the Night dé orí fóònù lọ́dún 2020. Ẹ̀ka náà tún kan ìtàn ilẹ̀ Áfíríkà: ní 2024, Abubakar Salim, òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìdílé rẹ̀ ti Kenya wá, gbé Tales of Kenzera: ZAU jáde fún kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀rọ géèmù ńlá. Nínú géèmù yìí, tí ìtàn Bantu mí sí, akọni kan tó ń jẹ́ Zau bá òrìṣà ikú ṣàdéhùn kí bàbá rẹ̀ lè padà wá sáyé. Salim fúnra rẹ̀ pàdánù bàbá rẹ̀, ìbànújẹ́ náà ló sì di géèmù.

Ẹni tó bá fẹ́ padà sí Metroid ti 1986, kó mú ìwé àti bírò dání. Kò ní máàpù. Ẹni tó ń gbá a ni yóò ya á fúnra rẹ̀.