Ìwádìí Òfurufú àti Igbó Ọmọ

Ìwádìí òfurufú ni iṣẹ́ rírán ènìyàn àti ẹ̀rọ kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ ayé parí sí, láti mọ ohun tó wà lókè lọ́hùn-ún àti láti bojú wolẹ̀ láti ibẹ̀. Àwọn baba wa ti ń wo Àgùàlà létí òṣùpá tipẹ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ìmọ̀ nìkan kọ́ ló gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì dìde. Nígbà tí ìjọba Sófíẹ̀tì rán sátẹ́láìtì Sputnik lọ ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá, 1957, òun àti Amẹ́ríkà ń bá ara wọn du ipò alágbára ni. Ìdíje yẹn náà ló gbé Neil Armstrong gun òṣùpá ní 1969.

Fún ará Ìjẹ̀bú-Igbó, Agọ́-Ìwòyè àti Ogun Waterside, bíbojú wolẹ̀ yẹn ló lérè jù. Ẹ wo Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìjọba amúnisìn yà á sọ́tọ̀ ní 1925, ó fẹ̀ tó 130,500 hẹ́kítà, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó àgbáyé tó yẹ ní dídáàbòbò ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi igi gmelina rọ́pò igi àdáyébá ní apá kan, pé kí ilé iṣẹ́ ìwé Ìwòpin ní Ogun Waterside lè rí igi lò. Agégẹdú àti àgbẹ̀ kòkó náà sì ń jẹ ẹ́ wọnú.

Ẹlẹ́sẹ̀ kò lè rí gbogbo rẹ̀ tán. Láti 1972 ni àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé. Ewé tútù máa ń ta ìtànṣán kan tí ojú wa kì í rí padà sókè gan-an. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ro kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé àwòrán ọdún kan lé ti òmíràn, ibi tí igbó ti di oko á hàn. Láti 2008, ọ̀fẹ́ ni àwòrán wọ̀nyí, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Agọ́-Ìwòyè kò ní san kọ́bọ̀. Àmọ́ àwòrán kì í mú agégẹdú. Ẹ̀ṣọ́ igbó ṣì ní láti dé ibẹ̀.

Nàìjíríà náà dá àjọ ìwádìí òfurufú, NASRDA, sílẹ̀ ní 1999, ó sì rán sátẹ́láìtì ayàwòrán NigeriaSat-1 lọ láti Rọ́ṣíà ní 2003. Àwọn kan bú ìjọba pé ebi ń pa ará ìlú. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣòfo, pàápàá nígbà tí sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ NigComSat-1 tó gòkè ní 2007 kú ní 2008, tó sì di 2011 kí wọ́n tó rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 2011 yẹn náà ni NigeriaSat-X gòkè, èyí tí àwọn ẹnjiníà wa fọwọ́ ara wọn tò ní Ìlú Ọba.

Ìkuukuu ni ìṣòro kámẹ́rà àwọn sátẹ́láìtì ayàwòrán wọ̀nyí, pàápàá lásìkò òjò, ìgbà tí omi máa ń halẹ̀ mọ́ àwọn abúlé Ogun Waterside. Sentinel-1 ti Yúróòpù, tó gòkè ní 2014, ń fi ìgbì rédíò ríran, ìyẹn sì ń la ìkuukuu kọjá tọ̀sán-tòru. Omi tó parọ́rọ́ máa ń dúdú lójú rẹ̀. Ọ̀sà Lẹ́kì tó wà lẹ́bàá Ogun Waterside fúnra rẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí àkúnya dé gbọ́dọ̀ ní àwòrán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nílẹ̀ tí yóò fi wé e.