Ilojo Bar àti Àwọn Ilé Àtijọ́ Àgbádárìgì: Kí Ló Yẹ Ká Ṣe Kí Katakata Tó Dé?

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, katakata wó Ilojo Bar tó wà ní Ìta Tinúbú, l'Ékòó. Ẹbí Fernandez ló ni ilé náà nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti ilẹ̀ Bràsíl dé sì hàn lára rẹ̀. Ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe. Alfred Ọláìyá rà á lọ́dún 1933. Lọ́dún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn tó wó tán, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè ni pé kí wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà. Èrò mi ni pé àtúnkọ́ kò lè dí àlàfo tí ilé náà fi sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ìkéde ọdún 1956 de àwọn onílé lọ́wọ́, kò sì pèsè owó àtúnṣe tó nítumọ̀ fún wọn.

Fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ lókè, irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ fi ọwọ́ rọ, ògiri bíríkì tí a rẹ́: àwòrán lè sọ bí wọ́n ṣe rí, kò lè sọ ohun tí mọlémọlé pò mọ́ amọ̀ tàbí bó ṣe to bíríkì náà. Inú ògiri ni ìmọ̀ yẹn wà, ó sì bá ògiri lọ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tókíò. Imperial Hotel tí ayàwòrán-ilé Frank Lloyd Wright yà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1923, ti ń rì sínú ilẹ̀ rírọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti gbówó lórí. Wọ́n wó o lọ́dún 1968, wọ́n kọ́ ilé gíga dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tú iwájú ilé àti gbọ̀ngàn àbáwọlé rẹ̀, wọ́n sì lọ tò ó padà sí Meiji-mura, ọgbà ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ilé àtijọ́ nítòsí Nagoya. Kí wọ́n tó tú u ni wọ́n ti pinnu ohun tí wọn yóò gbà sílẹ̀. L'Ékòó, ẹ̀yìn tí gbogbo rẹ̀ ti di òkìtì la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àtúnkọ́.

Àwọn kan yóò ní ilé náà ti gbó, ó lè wó pa èèyàn, ẹ̀mí sì ju bíríkì lọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ilé kì í gbó lóòjọ́. Àìtọ́jú ọdún pípẹ́ ló sọ ọ́ dẹgẹrẹ, èèyàn sì lè fi òpó gbé ògiri ró kó tó di pé ó ń wó. Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹbí: kí ló dé tí ìdílé kan yóò máa ṣọ́ ilé tí kò mówó wọlé, lórí ilẹ̀ olówó ńlá, nítorí ìtàn gbogbo wa? N kò rí ẹni tó lè bá wọn jiyàn lórí èyí láìpèsè owó. Ìdáhùn rẹ̀ wà l'Ágbádárìgì. Ẹbí Sẹ̀ríkí Williams Abass àti ẹbí Mobee ló ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òwò ẹrú tí baba wọn fi sílẹ̀; àlejò ń sanwó wọlé, ilé sì dúró. Ilé tó ń bọ́ ẹni tó ni ín kì í ṣòro láti dáàbò bò.

Láti ọdún 2009 ni ìjọba ti ń fẹ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ilé púpọ̀ sì ti bá iṣẹ́ náà lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń ké sí àwọn aláṣẹ ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Àgbádárìgì, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Kankon: ẹ kọ orúkọ gbogbo ilé àtijọ́ agbègbè yín sílẹ̀, ẹ pe àwọn tó ni wọ́n jókòó, kí ẹ sì ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.