Àádọ́ta Ọ̀kẹ́

Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ti gbà pé òǹkà Yorùbá kò kọjá ẹgbẹ̀rún, pé tó bá di ti mílíọ̀nù, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló lè kà á. Irọ́ gbáà ni. Mílíọ̀nù ní orúkọ lọ́dọ̀ wa: àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kí a tú orúkọ náà wò.

Àpò ni ọ̀kẹ́. Owó ẹyọ 20,000 ló ń kún àpò kan, ibẹ̀ ni ọ̀kẹ́ ti di orúkọ iye. Wọn a sín ẹyọ 40 sórí okùn kan. Okùn 50 a di ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá a di ọ̀kẹ́ kan. Ẹ wá kó ọ̀kẹ́ 50 jọ, mílíọ̀nù kan pé géérégé, kò lé, kò dín. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá pe orúkọ yìí ti yọ kúrò, ó sì ti sọ di púpọ̀, kó tó pa ẹnu dé. 999,999 ńkọ́? Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó dín kan.

Adolphus Mann, òjíṣẹ́ CMS tó gbé ní Ìjàyè, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka ẹyọ tí a kò sín, nínú ìwé kan tó jáde ní 1887. Ẹni tó ń kà á a jókòó ti òkìtì ẹyọ, a máa fa márùn-ún márùn-ún. Bó bá fa á nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Ọgọ́rùn-ún méjì ni igba, igba mẹ́wàá sì ni ẹgbàá. Ẹni tí yóò ka àádọ́ta ọ̀kẹ́ báyìí, ìgbà ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ni yóò na ọwọ́!

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí dídùn ìṣirò yìí mú wa gbàgbé ibi tí ẹyọ ti wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Índíà. Ọkọ̀ Òyìnbó kó o lọ sí Yúróòpù, ó tún kó o wá sí etíkun wa, wọ́n sì fi ra ènìyàn. Láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì kó ẹyọ ńláńlá ti Zanzibar dé. Ẹyọ kún ọjà, agbára rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tí ọ̀kẹ́ kan ń rà tẹ́lẹ̀, kò rà á mọ́. Lójú tiwa, ìgbà náà gan-an ni iye ńláńlá di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà.

Àwọn tí wọ́n tà sókè òkun kò rí ọ̀kẹ́ kankan gbé dání, ṣùgbọ́n òǹkà bá wọn lọ. Ní Cuba títí di òní, dilogún ni àwọn olórìṣà ń pe ẹyọ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi ń dá owó. “Mẹ́rin” ti já bọ́ nínú orúkọ náà. “Dín” àti “ogún” ṣì wà níbẹ̀.