Ogún Ọdún Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ fún ọmọdé, ohun tí gbogbo ará ilé máa ń bèèrè ni pé: ṣé ó ti ń rìn? Ìbéèrè tó le jù ni pé: tó bá dàgbà ńkọ́? Ìlú Cape Town, ní South Africa, ni wọ́n ti fi sùúrù wá ìdáhùn.

Cerebral palsy là ń sọ. Ọpọlọ ọmọ ló fara pa, nínú oyún, nígbà ìrọbí tàbí lẹ́yìn ìbí. Lọ́dọ̀ tiwa, láti Ìlá Ọ̀ràngún títí dé Èkó, ọmọ tí kò tètè ké nígbà ìbí àti ìkókó tí ibà pọ́njú bá jà gan-an wà lára àwọn tó lè bá a pàdé. Iṣan ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn á le, ẹsẹ̀ méjèèjì á máa kọjá ara wọn bí àlùmọ́gàjí.

Foerster ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ kan fún irú èyí ní Jámánì ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní. Fasano tún un ṣe ní Ítálì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Warwick Peacock mú un lò ní ilé ìwòsàn ọmọdé Red Cross, Cape Town. Wọ́n á la ẹ̀yìn ọmọ, wọ́n á gé díẹ̀ nínú àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ wá sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Iṣan á dẹ̀, àmọ́ ọpọlọ ṣì wà bó ṣe wà.

Ní 1985, wọ́n fi kámẹ́rà ya ìrìn ọmọ 13 kí wọ́n tó ṣe é fún wọn. Wọ́n tún un yà lẹ́yìn ọdún 1, 3, 10 àti 20. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ̀ pé títọ́jú dátà fún ogún ọdún kì í ṣe eré: kámẹ́rà á yí padà, fáìlì ò ní ṣí mọ́, èèyàn á kó lọ.

Ní 2008, Nelleke Langerak àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde jáde. Orúnkún àwọn ọmọ náà, tí wọ́n ti dàgbà, ṣì ń ká, ó sì ń nà ju ti àtijọ́ lọ. Ìrìn wọn sàn ju ti ìgbà tí wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n cerebral palsy ò kúrò lára wọn, èèyàn 13 ò sì pọ̀.

Nítorí náà, kí òbí tó ta ilẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ, kó bi dókítà pé: ta ni yóò máa yẹ ọmọ yìí wò títí yóò fi di géńdé? Ibo ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò wà?