Bí Ráútà Búlúù Kan Ṣe Di Ti Gbogbo Wa

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni ráútà rí. Àpótí kékeré ni, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo yàrá, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni. Ó ní processor, ó ní RAM, ó sì ní sọ́fúwíà tó ń darí rẹ̀, èyí tí à ń pè ní firmware. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní láptọ́ọ̀pù tí Linux wà lórí rẹ̀ lè gba kóòdù OpenWrt, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe firmware tuntun fún ráútà rẹ̀. Báwo la ṣe dé ibẹ̀? Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ kan ṣàánú wa. Àdéhùn kan ló wà nílẹ̀, àwọn kan ò sì jẹ́ kó di ìgbàgbé.

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa mọ àáró: lónìí a ó jọ ro oko tìrẹ, lọ́la a ó kọjá sí tèmi. Ìwé àṣẹ GPL, tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní 1989, jọ àáró. Ó ní: lo kóòdù yìí, tún un ṣe, tà á pàápàá bó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí o bá fún ní sọ́fúwíà tí o fi ṣe gbọ́dọ̀ lè rí kóòdù náà gbà, pẹ̀lú àwọn ìlànà tí a fi ń ṣe compile rẹ̀. Abẹ́ àṣẹ yìí ni Linus Torvalds fi Linux sí ní 1992.

Ní oṣù Kejìlá 2002, Linksys gbé ráútà WRT54G jáde, àpótí búlúù àti dúdú tó ní eriali méjì. Ọjà náà tà gan-an. Ní 2003, Cisco ra Linksys ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 dọ́là. Oṣù Kẹfà ọdún náà ni Andrew Miklas kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux pé Linux wà nínú firmware ráútà yìí, àmọ́ òun ò rí kóòdù rẹ̀ níbì kankan. Àwọn mìíràn dá sí i, ariwo sì sọ. Linksys ti jẹ nínú àáró, ó wá kan oko ẹlòmíràn. Ní oṣù Keje, ilé-iṣẹ́ náà kó kóòdù síta.

Ṣùgbọ́n ká rí kóòdù gbà yàtọ̀ sí ká lè lò ó. Compile ni pé ká sọ kóòdù tí ènìyàn lè kà di èyí tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé. Processor MIPS ló wà nínú WRT54G, kò gbọ́ èdè tí láptọ́ọ̀pù ń gbọ́. Nítorí náà, a ní láti kọ́kọ́ ṣe compiler tó máa ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù ṣùgbọ́n tó ń sọ èdè MIPS. Àyè náà tún há: megabáìtì 4 péré ni flash ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí OpenWrt bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2004, kóòdù Linksys ni wọ́n mú, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ buildroot tó ti ọ̀dọ̀ uClibc wá, èyí tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀rọ kékeré báyìí.

Ọ̀nà yẹn náà la ṣì ń tọ̀. A ó gba kóòdù, a ó tẹ make menuconfig, a ó yan irú ráútà wa, a ó mú ohun tá a fẹ́, a ó yọ èyí tí a kò fẹ́. Ẹ lè fi sqm-scripts sí i, kí fíìmù tí ẹnì kan ń gbà sílẹ̀ má bàa há ọ̀nà mọ́ ẹni tó wà ní kíláàsì orí Zoom. Lẹ́yìn náà, a ó tẹ make. Ti àkọ́kọ́ lè gba wákàtí púpọ̀, torí pé compiler gan-an ló kọ́kọ́ ń ṣe.

Ìjà náà kò tán síbẹ̀. Kóòdù dráífà Wi-Fi ti Broadcom kò sí nínú ohun tí wọ́n kó síta, ìyẹn sì so OpenWrt mọ́ kernel 2.4 fún ọdún mélòó kan lórí àwọn ráútà wọ̀nyẹn. Ní 2005, ẹ̀dà karùn-ún WRT54G jáde láìsí Linux nínú rẹ̀: VxWorks ni, flash ti di megabáìtì 2, RAM ti di 8. Fún àwọn tó ṣì fẹ́ Linux, Linksys gbé WRT54GL jáde. Ní oṣù Kejìlá 2008, Free Software Foundation pe Cisco lẹ́jọ́ lórí kóòdù àwọn ọjà Linksys. Wọ́n parí ẹjọ́ náà ní oṣù Karùn-ún 2009, Cisco sì gbà láti yan ẹni tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Nígbà tó di 2024, OpenWrt ti ní ráútà tirẹ̀, OpenWrt One.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ráútà tí olùṣe rẹ̀ kò bá tún sọ́fúwíà rẹ̀ ṣe mọ́, ihò tí olè lè gbà wọlé sínú rẹ̀ kì í dí fúnra rẹ̀. Kóòdù tí a lè ṣe compile ni kì í jẹ́ kó di pàǹtí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè pẹ̀lú. Kóòdù mélòó la ti mú lórí GitHub fún iṣẹ́ àṣekágbá wa, tí a ò ka ìwé àṣẹ rẹ̀? Àwa náà ti jẹ nínú àáró. Ó ti kan oko ẹlòmíràn.